Aṣọ Ọmọ Tí Aránṣọ Lọ Rà

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ẹ̀kán kan, pupa, lórí aṣọ funfun tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Ó wò ó. Ó rò pé òwú ni, bóyá àjákù òwú àná ló já bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀kán kejì tún kán lé e, ló bá rí ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún un wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, ìka náà sì dákẹ́ sábẹ́ irin bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò dùn ún. Kò dùn ún rárá. Ìyẹn gan-an ló já a láyà.

“Ìyàwó ẹ̀rọ!” Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ló ké láti igun rẹ̀. Arúgbó tó ń lọ aṣọ ni. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí òun àti aránṣọ ti jọ ń pín yàrá iṣẹ́ náà, òun lápá fèrèsé, obìnrin náà lápá ilẹ̀kùn. “Ọkọ yín dákẹ́. Ẹ ti jà ni?”

“A ò jà. Òwú ló já.”

“Irú òwú wo ló ń já tó ń ṣẹ̀jẹ̀?”

Ojú bàbá yìí! Kò lè ka ìwé ìròyìn láìwọ gíláàsì, ṣùgbọ́n kò sí àbàwọ́n tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Aránṣọ rọra yí ẹ̀rọ sẹ́yìn, ó yọ ìka rẹ̀, ó fi àjákù aṣọ wé e.

“Ẹ wo iwájú yín, Bàbá. Aṣọ aláṣọ ń jóná.”

“Lọ́wọ́ tèmi? Kí aṣọ jóná?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yẹjú wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀, aránṣọ sì ráyè mí.

Ọjọ́ kẹrin nìyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe bákan. Bó bá tẹlẹ̀, á dà bíi pé ó wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọn tí kò bá a mu. Láàárọ̀ àná, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rin ilé mẹ́ta kọjá kó tó mọ̀. Ó padà lọ mú un, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnikẹ́ni rí i. Wàyí o, nǹkan náà ti dé ọwọ́. Ṣáájú ẹsẹ̀, inú ti run ún ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ó ṣu gbuuru fún ọjọ́ mẹ́ta, ó mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ara yá, ó gbàgbé. Ta ni í so inú rírun mọ́ bàtà tó bọ́?

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀, aránṣọ bíi tirẹ̀, jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò rí ẹsẹ̀ lò. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé ìbàdí, ó dé ibi tí èémí wà. Kò pé oṣù kan. Ọdún yẹn ló fi ilé ìwé sílẹ̀ tó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tólẹ̀ dáadáa. Àwọn ará àdúgbò wá bá wọn kẹ́dùn. Bí wọ́n ti ń jáde, ẹnìkan sọ ohun tó rò pé ọmọdé ò ní gbọ́: “Ẹsẹ̀ ìdílé wọn ni.” Kò mọ ẹni tó sọ ọ́. Ó ṣáà gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kàndínlógójì ti kọjá, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní kíkà àti kíkọ, òpópónà méjì péré ló sì wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀.

Lára ògiri lẹ́yìn ẹ̀rọ, àwọn bébà àwòṣe so rọ̀ lórí ìṣó, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú tí wọ́n ta ní kókó sí i létí. Aránṣọ kì í kọ orúkọ oníbàárà. Ìwé kíkọ máa ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń tì í lójú. Òwú ló fi ń dá wọn mọ̀. Pupa ni ti nọ́ọ̀sì tó ga bí òpó, àwọ̀ ewé ni ti olùkọ́ orin tí èjìká rẹ̀ ò dọ́gba. Èyí tó gbó jù nínú wọn, tó ti pọ́n bíi tíì, òwú aró ló wà létí rẹ̀. Àwòṣe aṣọ ọmọ tuntun ni. Ìyá rẹ̀ ló gé e. Aṣọ tí wọ́n gé lára bébà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ fún òun alára lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Òun náà ló fi gé ti ọmọ rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí aṣọ funfun fẹ́lẹ́ kan ti wà nínú àpótí, tó ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ gún un, nígbà tí Bàbá Aláyọ́ọ̀nù lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó mú bébà náà sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, eruku òwú ń léfòó nínú rẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ò wù ú. Ó la ẹnu àlùmọ́gàjí. Ẹnu náà dúró ní lílà.

Aránṣọ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Bí àwòṣe bá wọ́, gbogbo aṣọ tí wọ́n bá gé lára rẹ̀ á wọ́. Ìyá òun fún òun. Òun fún ọmọ òun. Ọmọ òun sì ń bọ̀ wá fún… Kò parí èrò náà. Ó pa ẹnu àlùmọ́gàjí dé. Ó ká bébà náà, ó kì í bọ ìsàlẹ̀ agolo bọ́tìnnì, ó da bọ́tìnnì lé e lórí. Ó wá fọwọ́ ti ògiri jáde, ó ń fọwọ́ tì í títí dé ìkòríta, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọmọdé, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ó ra aṣọ.

“Mọ́mì, ṣé kí n mú èyí tó ní ẹyẹ láyà?” ni ọmọbìnrin tó ń tajà bi í.

“Èyíkéyìí,” ni aránṣọ wí. Àyà rẹ̀ ń lù bíi ti olè.

Nígbà tó délé, ó fi bíléèdì tú àmì ilé iṣẹ́ kúrò lọ́rùn aṣọ náà. Ó lọ̀ ọ́. Ó ká a sínú ìwé funfun.

Ọjọ́ Sátidé ni ọmọ rẹ̀ máa ń wá. Ó wọlé, ikùn ṣáájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ibi tí ikùn gbà á láyè dé, ó ní, “Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá, ẹ kú ìnira.”

“Ìnira wo? Èmi ni mò ń ni aṣọ lára,” ni Bàbá Aláyọ́ọ̀nù fèsì.

Aránṣọ ò dìde. Ó na ìwé funfun náà sí i láti orí àga. “Tìẹ nìyẹn. Mo ti parí ẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà tú u. Ẹ̀rín tó ń bọ̀ lójú rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká rántí pé abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ lọmọ yìí ti kọ́ ìrákòrò. Kí ó tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì ló ti mọ òdì aṣọ yàtọ̀ sí ojú rẹ̀. Kò wo ẹyẹ tó wà láyà. Ó yí inú aṣọ náà síta, ó sì fi ìka tọ ojú ìrán rẹ̀ lọ bí ẹni tó ń kàwé.

“Màámi. Òwú mẹ́rin ló wà lójú ìrán yìí.”

Aránṣọ ń ṣa àjákù òwú lórí tábìlì.

“Ẹ̀rọ yín, òwú méjì ni. Ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ta ló rán an?”

“Èmi…”

“Ẹ rà á.” Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló wá burú jù. “Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Gbogbo òpópónà yìí lẹ ránṣọ fún, ó wá kan ọmọ tèmi, ẹ lọ rà á. Kí ni mo ṣe yín?”

“Kò sóhun tó o ṣe.”

“Ẹ dìde, ẹ wá gbá mi mọ́ra, kí n mọ̀.”

Áyọ́ọ̀nù Bàbá wà lókè, kò padà sílẹ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ó gbéra, orúnkún rẹ̀ mì bí ẹni tó dúró nínú omi. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Èkejì ò tẹ̀ lé e. Ọmọ rẹ̀ ló dì í mú, ikùn rẹ̀ líle láàárín àwọn méjèèjì, ohun tó wà nínú ikùn náà sì ta ìyá àgbà rẹ̀ nípàá.

Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n lára.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Dókítà ẹ̀jẹ̀ tó wá wò ó kò ga, obìnrin ni, ó ki bíró bọ irun orí rẹ̀ ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó mú òòlù kékeré onírọ́bà, ó fi lu orúnkún aránṣọ. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ fò. Kò fò. Ó tún un lù. Aránṣọ ń wo òòlù náà, ó ń wo ojú dókítà, ó ń wá ibi tí ìròyìn burúkú máa gbà yọ.

“Ìyá, ṣé ẹnìkan ti ní irú èyí rí nínú ẹbí yín?”

“Rárá,” ni aránṣọ wí kíákíá.

“Màámi,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Ó ti pẹ́.”

“Màámi.”

Ló bá tú jáde lẹ́nu rẹ̀, wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń tú ojú ìrán. Ìyá rẹ̀. Ibùsùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ pé àìsàn ló pa ìyá àgbà òun, kò gbọ́ pé láti ẹsẹ̀ ni. Bó ti ń gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ikùn, òun alára ò mọ̀. Aránṣọ rí ọwọ́ yẹn. Ó yíjú sí fèrèsé.

“Ìdí tí mo fi ra aṣọ nìyẹn,” ló sọ fún gíláàsì fèrèsé. “Mi ò fẹ́ fi àwòṣe wa gé e.”

Dókítà jókòó sétí ibùsùn. “Ẹ̀yin ń ránṣọ? Ẹ ó tètè gbọ́ mi yé ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ. Ẹ gbọ́. Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ gún yín, tó ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kó gbéra, ẹ̀wù wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀rá ni ẹ̀wù náà. Ṣúgà ni bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀.”

“Ṣúgà?”

“Kì í ṣe ti tíì.”

Aránṣọ wò ó, bóyá ó ń fi òun ṣeré. Kò ṣeré.

“Inú rírun ọjọ́sí tí ẹ sọ fún mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò ló fà á, irú rẹ̀ kan sì wà tó máa ń lẹ bọ́tìnnì tó jọ ọ́ mọ́ra. Bí olè tó wọ aṣọ onílé.”

“Kí ẹ̀ṣọ́ má baà dá a mọ̀.”

“Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yín dá a mọ̀. Bọ́tìnnì yẹn ni wọ́n fi mú un. Nígbà tí wọ́n wá pa á tán…”

“Wọ́n rí bọ́tìnnì lára onílé.” Aránṣọ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá bi í ní ìbéèrè tó ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún méjìlá. “Àwọn ọmọ ogun yẹn. Ṣé… ṣé ìyá mi ló fún mi?”

“Ìbéèrè tí mo fi ń jẹun nìyẹn.” Dókítà wá bíró rẹ̀ lápò, kò rí i. “Ṣe ni wọ́n ń rán ọmọ ogun yẹn bí ẹní ń ránṣọ, Ìyá, a kì í jogún èyí tí wọ́n ti rán parí. Àpótí àjákù la máa ń jogún. Ìyá kó tirẹ̀ síbẹ̀, bàbá kó tirẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn là ń pè ní àbùdá. Nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn aránṣọ kéékèèké wà, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á tọwọ́ bọ àpótí láìwò ó, á mú àjákù méjì mẹ́ta, á gé etí wọn, á rán wọn pọ̀. Lójú ìrán, á tún fi òwú tara rẹ̀ kún un, òwú tí kò sí nínú àpótí bàbá ẹnikẹ́ni.”

“Láìsí àwòṣe?”

“Láìsí àwòṣe.”

“Ìránkúràn nìyẹn.”

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú ẹ̀rín náà. Dókítà ní, “Ìránkúràn yẹn ló ń gbà wá là. Kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ó ṣeé ṣe kẹ́nìkan ti rán ohun tó máa bá a mu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n rán fún olè á bá onílé mu. Èyí tí wọ́n rán nínú ẹ̀jẹ̀ yín, inú ẹ̀jẹ̀ yín ló ń parí sí. Kì í padà sínú àpótí tí ẹ gbé fún ọmọ yín. Àjákù ló wà nínú tirẹ̀, kò sí aṣọ kankan.”

“Àjákù ọ̀hún ńkọ́?” Ọmọ rẹ̀ ló bi í. “Bí àwọn kan bá wà níbẹ̀ tó máa ń yà síbi burúkú?”

“Ó lè wà. À ń wá a, a ò tíì rí ìdí rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni méjì nínú ilé kan, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.”

“Ìyá mi ńkọ́?” ni aránṣọ bi í.

“Mi ò ní purọ́ fún yín. A ò ní ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ èyí. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn.”

Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé èsì yẹn ló jẹ́ kó gba gbogbo èyí tó kù gbọ́.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ìgò kan kọ́ lókè orí rẹ̀, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń kán wọ apá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ti sẹ́ ẹ, àwọn tó yọ̀ǹda tiwọn, ó sì máa mú àwọn ọmọ ogun náà rọlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ló gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè di ṣíbí mú. Ọmọ rẹ̀ ló ń fún un lóúnjẹ, kò sì sí ẹni tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, bí oòrùn ti ń rin aṣọ ibùsùn lọ, ó rí ara rẹ̀ nínú yàrá gígùn kan. Àwọn aránṣọ kéékèèké jókòó lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sí fìtílà, kò sí ìró ẹ̀rọ, àfi ìró òwú tó ń gba inú aṣọ kọjá, bí òjò tó jìnnà. Ó ń rin àárín wọn kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Ní ìdí tábìlì kan ni ìyá rẹ̀ wà, kò dàgbà ju ọmọ rẹ̀ lọ, ó ń rán nǹkan mọ́ nǹkan.

“Ìyá mi, ta lẹ̀ ń rán ìyẹn fún?”

“Mi ò mọ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. “Alára ń bọ̀.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rán tèmi?”

Ìyá rẹ̀ wá gbójú sókè. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí kan láti abẹ́ tábìlì, ó ṣí i. Àjákù lóríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀: aláwọ̀ aró, olómi ọsàn, funfun fẹ́lẹ́. Kò sí aṣọ kan níbẹ̀ tí wọ́n rán parí. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, wọ́n rọra ń wọlé bí ẹni tó ń wọ yàrá aláìsàn. Wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé èjìká àwọn aránṣọ tí ọwọ́ wọn gbóná jù, wọ́n ń sọ pé: ó tó, ó tó báyìí, ẹ sinmi.

Nígbà tó lajú, Bàbá Aláyọ́ọ̀nù ló jókòó tì í, fìlà rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

“Ẹ̀rọ ń béèrè yín. Mo ní kó gba kámú, kó fẹ́ mi. Ó ní ọwọ́ mi gbóná jù.”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nǹkan náà dúró lórí itan àti ọwọ́, kò dé ibi tí èémí wà. Èsì ẹ̀jẹ̀ dé: wọ́n rí àwọn ọmọ ogun tó ń di bọ́tìnnì yẹn mú. Dókítà fi ìwé náà hàn án, ó sì fi ìka tọ́ka síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó rọra kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sì tijú.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó fi ọ̀pá wọ yàrá iṣẹ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti jí, ìka ìfábẹ̀là náà ti jí. Àwọn yòókù ṣì ń tòògbé. Ó da agolo bọ́tìnnì sórí tábìlì, ó yọ bébà olówùú aró náà jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun. Ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ikùn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.

“Bá mi di etí ibí mú.”

Kò lè gbọ́ aṣọ náà lára bíi ti tẹ́lẹ̀, ojú ló fi ń gé e. Àlùmọ́gàjí wọlé. Ó lọ dáadáa títí dé ibi apá, ó sì yà.

“Ó wọ́,” ló wí.

“Ó wọ́ díẹ̀,” ni Bàbá Aláyọ́ọ̀nù wí láti igun rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ló purọ́ rí lórí ọ̀rọ̀ aṣọ.

“Ṣé kí n tún òmíràn gé?”

“Ẹ rán an bẹ́ẹ̀,” ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ dè é.

Ó rán an. Ó pẹ́ kó tó parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣì í tẹ̀, ẹ̀rọ ń dúró dè é bí ẹṣin tó mọ̀ pé ẹni tó ni òun ti dàgbà. Nígbà tó gé òwú ìkẹyìn, ọmọ rẹ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo ojú aṣọ. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ ojú ìrán rẹ̀ lọ láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ó kọjá ibi tó wọ́ láìdúró.

“Òwú méjì,” ló wí.